Bí a ṣe ń fi xanthan gum mú kùnú imumu ki, àti irú ẹni tí ó lè mu ún

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ oúnjẹ, mo kí yín kú iṣẹ́. Kùnú imumu ni a ó jọ ṣe nínú fídíò yìí, èyí tí omi rẹ̀ kò ní tòrò lókè kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì jókòó sí ìdí ìgò kí oníbàárà tó gbé e délé. Ní Ìlọrin níbí, pàápàá nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í ṣínu, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé, “Ìyá wa, kí ni ẹ fi sí i tí ó fi ki báyìí, ṣé ẹni tí dókítà ti ka oúnjẹ léèwọ̀ fún lè mu ún?” Ìdí nìyí tí n ó fi máa dáhùn ìbéèrè náà bí iṣẹ́ ti ń lọ.

Ẹ wọn ìdajì kílò imumu gbígbẹ, ẹ ṣa òkúta inú rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi tuntun ṣàn án, kí ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú atalẹ̀ díẹ̀ àti dàbínù tí ẹ ti yọ kóró inú rẹ̀. Bílẹ́ńdà ilé ni kí ẹ lò. Imumu kì í ṣe ẹ̀pà, abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti ń ta ní ìdí koríko, nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà sábà máa ń lè mu ún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò, níbi tí wọ́n ti lọ ẹ̀pà tàbí àlìkámà tán kí ó tó kàn yín, ohun tí ẹ sá fún ti bá yín wọlé nìyẹn. Ẹ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ bu omi tí ẹ ti sè tí ó sì ti tutù kún un títí yóò fi pé lítà méjì.

Ìyẹ̀fun aláwọ̀ wàrà tí ẹ ń wò lọ́wọ́ mi yìí ni xanthan gum. Kòkòrò àìfojúrí kan, Xanthomonas campestris, èyí tí ó máa ń ba ewé kábéèjì jẹ́ lóko, ni wọ́n ń fi ṣúgà bọ́ nínú àgbá ńlá, tí yóò sì máa pèsè ohun tí ó ń yọ̀ bí omi ilá, tí wọn yóò wá gbẹ, tí wọn yóò sì lọ̀. Onímọ̀ kẹ́mísírì obìnrin kan, Allene Jeanes, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yàrá ìwádìí ìjọba ní ìlú Peoria lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n mú un jáde, ìjọba ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i fún oúnjẹ lọ́dún 1969. Bí ẹ bá rí E415 lára ọ̀rá oúnjẹ, òun náà ni.

Kò sí ẹran nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọlọ́jà kankan fún yín ní gelatin dípò rẹ̀, nítorí awọ àti egungun ẹranko ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, ó sì lè jẹ́ ti màlúù, ó lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn oníbàárà mi tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí a máa béèrè nípa ọtí, ìbéèrè náà sì ní ìdí: isopropyl alcohol, tí kì í ṣe ọtí mímu, ni wọ́n sábà máa ń fi yọ ọ́ kúrò nínú omi kí wọ́n tó gbẹ ẹ́, ìwọ̀nba tí ó bá ṣẹ́kù kò sì tó nǹkan. Ìdájọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn àlùfáà. Tèmi ni pé mo máa ń ra èyí tí ó ní àmì hàláàlì lára. Ní ti ẹni tí kò gbọdọ̀ jẹ àlìkámà tàbí wàrà, ṣúgà tí wọ́n fi bọ́ kòkòrò náà ni kí ẹ wádìí, nítorí àgbàdo ni ó sábà máa ń ti wá, ṣùgbọ́n ó lè ti ara àlìkámà, sóyà tàbí omi wàrà wá. Nítorí èyí, n kì í ra èyí tí wọ́n bù sínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ, bí ó ti wù kí ó dínwó tó.

Ẹ gbé sikéèlì kékeré jáde, kí ẹ wọn gíráàmù 2.5. Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀, ó lágbára púpọ̀. Ẹ wo èyí tí mo dà sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà nínú abọ́ yìí: ó di kókó kéékèèké, òde wọn tutù, inú wọn sì gbẹ, bí mo tilẹ̀ ro ó títí di alẹ́, wọn kò ní yọ́. Ọ̀nà tí ó dára ni kí ẹ da ìdajì kùnú padà sínú bílẹ́ńdà, kí ẹ tàn án, kí ẹ sì máa wọ́n ìyẹ̀fun náà sí ibi tí omi ti ń yí po, díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi tán. Ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Yóò ki bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, yóò sì ṣàn bí ẹ bá mì ín. Kò nílò iná rárá. Bí ẹ bá gbé e kaná, ìyẹ̀fun inú imumu fúnra rẹ̀ yóò ki, ẹ ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹlẹ́kọ.

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò ní ìṣòro pẹ̀lú xanthan gum, nítorí ikùn kì í sọ ọ́ di ṣúgà. Dàbínù àti ṣúgà inú imumu fúnra rẹ̀ ni kí ó ṣọ́ra fún, kí ẹ sì yọ dàbínù kúrò nínú tirẹ̀. Bí ènìyàn bá jẹ tó gíráàmù 15 lóòjọ́, ó lè máa yàgbẹ́ léraléra, ṣùgbọ́n ìgò kan nínú èyí kò tó gíráàmù kan. Ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù ni ẹ kò gbọdọ̀ dán an wò fún: lọ́dún 2011, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa ohun amóúnjẹ-ki kan tí ó ní xanthan gum nínú, nítorí àrùn ìfun tí ó bá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tí omi máa ń há lọ́fun lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ó sọ bí tirẹ̀ yóò ti ki tó.

Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò mímọ́, ẹ gbé e sínú fìríìjì. Xanthan gum kì í jẹ́ kí ó tòrò, ṣùgbọ́n kì í dáàbò bò ó lọ́wọ́ kíkan, ẹ sì mọ bí iná wa ti rí, nítorí náà ẹ tà á tán láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ kọ imumu, dàbínù, atalẹ̀ àti xanthan gum sí ara ìgò, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ṣe é.