Brahma, Vishnu àti Shiva: Iṣẹ́ Mẹ́ta, Ta Ló Ni Wọ́n?

Bí a bá ti sọ pé nínú ẹ̀sìn Híńdù, Brahma ló ń dá ayé, Vishnu ló ń dá a sí, Shiva ló sì ń tú u ká, kíá ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ pé Mẹ́talọ́kan tiwọn nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Trimurti, bí wọ́n ṣe ń pè é ní èdè Sanskrit, kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí gbogbo wọn jọ ń kà. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń tọ́ka sí. Ẹni tó ni iṣẹ́ náà yàtọ̀ láti ẹ̀ka ẹ̀sìn kan sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wo linga, òkúta tí wọ́n fi ń sin Shiva. Bí ìlànà àwọn agbẹ́kùúta tẹ́ńpìlì ṣe là á sílẹ̀, linga tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́ ní ìpele mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ti Brahma ni. Àárín ní igun mẹ́jọ, ti Vishnu ni. Òkè rí roboto, ti Rudra ni, ìyẹn Shiva fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbé e kalẹ̀, ìpele Brahma á rì sísàlẹ̀ pátápátá, ti Vishnu á wọ inú ìjókòó òkúta tó yí i ká, ti Rudra nìkan ló máa yọ síta. Òun ni àlùfáà ń da omi àti wàrà lé lórí. (Àwọn òkúta tí odò Narmada ti fọ̀ di bọ̀rọ́bọ̀rọ́ kò ní ìpele wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ linga ni wọ́n ń pè wọ́n.) Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú òkúta kan, àmọ́ wọn kò dọ́gba: ilé Shiva ni, Shiva ló wà lókè.

Lọ́dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Vishnu, ètò náà yí padà. Vishnu ló dùbúlẹ̀ sórí ejò Ananta lójú agbami, òdòdó òṣíbàtà hù láti ìdodo rẹ̀, inú òdòdó yẹn ni Brahma ti jáde wá dá ayé. Àwọn tó ń sin Devi, ìyá gbogbo wọn, ní tiwọn sọ pé láìsí agbára rẹ̀, Shiva kò lè mira rárá.

Brahma wá ńkọ́? Tẹ́ńpìlì rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tó lókìkí jù wà ní Pushkar, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan. Àwọn Smarta, ẹ̀ka ẹ̀sìn Híńdù kan, ń sin òrìṣà márùn-ún pọ̀: Shiva, Vishnu, Devi, Surya àti Ganesha. Brahma kò sí níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Shiva ní ìtàn tó fà á. Shiva yọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ̀n iná tí kò lópin. Vishnu di ìmàdò, ó ń walẹ̀ lọ, Brahma di ẹyẹ, ó ń fò lọ sókè. Vishnu gbà pé òun kò rí ìdí rẹ̀. Brahma purọ́ pé òun rí ṣóńṣó rẹ̀, Shiva sì fi í gégùn-ún pé wọn kò ní máa sìn ín. Ẹ̀mí Brahma náà kò wà títí láé: ojúmọmọ rẹ̀ kan jẹ́ 4,320,000,000 ọdún, òru rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń lo 100 ọdún irú ọjọ́ wọ̀nyí kí tirẹ̀ tó parí.

Ibi tí mo rò pé ó ṣòro jù lọ ni ti guna, àwọn okùn mẹ́ta tí wọ́n fi hun ohun gbogbo. Sattva fúyẹ́, ó ń tàn. Rajas ń ti nǹkan rìn. Tamas wúwo, ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Maitri Upanishad, ìwé mímọ́ Híńdù kan, fi rajas fún Brahma, sattva fún Vishnu, tamas fún Rudra. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a wá ka tamas sí ibi, kí a sì sọ Shiva di èṣù burúkú. Láìsí tamas, oorun kò sí, ohun tó ti gbó kò ní kúrò nílẹ̀. Àwọn onímọ̀ Sankhya, ẹ̀ka ìmọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Íńdíà kan, fi fìtílà ṣàlàyé rẹ̀: òwú, epo àti iná ń ta ko ara wọn, síbẹ̀ àjùmọ̀ṣe wọn ló ń mú ìmọ́lẹ̀ wá. Kò sí guna tó ń dá wà. Èyí tó bá borí lásìkò kan ni a ń rí.

Àṣìṣe kejì wà ní Elephanta, erékùṣù tó wà nítòsí Mumbai, tí UNESCO fi sára ohun ìní àgbáyé ní 1987. Nínú ihò àpáta ńlá ibẹ̀ ni ère olórí mẹ́ta kan wà tó ga ju mítà 5 lọ, iṣẹ́ nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn àlejò ti ń pè é ní Brahma, Vishnu àti Shiva. Ẹ wò ó dáadáa: ojú tó wà lápá òsì yín le koko, ó ní irunmú, ti apá ọ̀tún jẹ́ ti obìnrin, ó tutù, ti àárín dákẹ́ rọ́rọ́. Shiva ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Iye iṣẹ́ náà gan-an kò dúró sí mẹ́ta níbi gbogbo. Márùn-ún ni àwọn Shaiva Siddhanta, ẹ̀ka ẹlẹ́sìn Shiva ti ilẹ̀ Tamil ní gúúsù Íńdíà, kà, ère Nataraja, ìyẹn Shiva tó ń jó, sì kó gbogbo rẹ̀ sára: ìlù ọwọ́ rẹ̀ ń dá ayé, ọwọ́ tó nà sókè ń dáàbò bò ó, iná ń tú u ká, ẹsẹ̀ tó fi tẹ aràrá àìmọ̀kan mọ́lẹ̀ ń fi òtítọ́ pamọ́ fún ẹ̀mí tí kò tíì pọ́n, ẹsẹ̀ òsì tó gbé sókè ń fi oore-ọ̀fẹ́ tú u sílẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì yẹn ni ọwọ́ kẹrin ń tọ́ka sí.