Ta Ló Láṣẹ Láti Sọ Pé Fíìmù Ti Parí?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Kàbbà, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, àti gbogbo ọmọ Okun tó ń wò wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi èdè ilé wa ṣe fíìmù ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lónìí.

Ká ní ẹ gbé kámẹ́rà lọ sí Ògìdì, ẹ ya ìyá àgbà kan nídìí òfì. Kò sọ nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Òwú já, ó so ó, ó tún ń bá iṣẹ́ lọ. Nínú ìtàn, ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Olùdarí ní ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀mí fíìmù wà. Ẹni tó gbówó kalẹ̀ ní ó ti pẹ́ jù, kí wọ́n gé e, kí wọ́n fi orin sí i. Èdítọ̀ jókòó sáàárín wọn, ó ń wo ojú méjèèjì. Ta ni kó gbọ́ tiẹ̀?

Ẹni tí ìwé àdéhùn bá fún láṣẹ ni. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, torí kì í sábà jẹ́ ẹni tó la òógùn nídìí kámẹ́rà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tí Nàìjíríà ṣe ní 1988, kí òfin tuntun ti 2022 tó rọ́pò rẹ̀, là á sílẹ̀ pé ẹni tó ṣètò bí fíìmù ṣe di ṣíṣe ni òǹṣẹ̀dá rẹ̀, àfi bí àwọn tó jọ ṣe é bá kọ nǹkan mìíràn sínú àdéhùn. Lásìkò tí fíìmù ń jáde lórí CD, ṣebí gbogbo wa la rí i: ìtàn tó yẹ kó tán lẹ́ẹ̀kan, màkẹ́tà tó gbówó kalẹ̀ á ní kó di Apá Kìn-ín-ní àti Apá Kejì. Àjọ NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, náà sì lè ní kí wọ́n yọ ibì kan kúrò kí fíìmù tó jáde.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí l'Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù Blade Runner han àwọn òǹwòran, kò yé wọn dáadáa. Ni àwọn olówó bá ní kí òṣèré Harrison Ford máa fẹnu ṣàlàyé lórí àwòrán, wọ́n sì lẹ ìparí aláyọ̀ mọ́ ọn. Kódà, àwòrán òkè àti igbó tó wà níbẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ olùdarí mìíràn, Stanley Kubrick, ni. Bó ṣe jáde ní 1982 nìyẹn. Ní 1992, wọ́n yọ àlàyé yẹn àti ìparí náà kúrò. Ó di 2007 kí Ridley Scott, ẹni tó darí rẹ̀, tó rí àṣẹ gbà pátápátá.

Ti olùdarí Orson Welles ló burú jù. Àṣẹ ìkẹyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣe Citizen Kane ní 1941. Ó yọ̀ǹda àṣẹ yẹn nínú àdéhùn fíìmù tó tẹ̀ lé e, The Magnificent Ambersons. Ó wà ní Brazil lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ RKO gé ohun tó ju 40 ìṣẹ́jú kúrò, tí wọ́n sì ya ìparí mìíràn. Wọ́n ba èyí tí wọ́n gé jẹ́. Kò sẹ́ni tó lè tò ó padà mọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó ya àwòrán àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa kẹ́yìn nídìí èdítìn. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa àwòrán tí wọ́n bá gé kúrò rẹ́ torí pé háàdì ti kún: ẹ̀dà kan lọ́wọ́ olówó, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ olùdarí.