Ojú Ìsopọ̀ Ni Òjò Ń Wá: Ọ̀rọ̀ Lórí Òrùlé PVC fún Ilé Ìtajà

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn wa sọ ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni mo kọ sílẹ̀ yìí, nítorí àwọn tí kò ráyè wá kò yéé bi mí ohun tí mo sọ. Àwọn onílé oúnjẹ wà níjókòó lọ́jọ́ náà, àwọn pásítọ̀ tí ìjọ wọn ra ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìjọsìn wà níbẹ̀, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin márùn-ún lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo náà wà níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló ti gun òrùlé ara rẹ̀ rí. Ọwọ́ méjì ló nà sókè.

N kò bá wọn wí. Òrùlé tí a mọ̀ nílé dá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, páànù ni wọ́n kàn sí i, bí òjò bá dé, omi á yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó parí. Òrùlé ilé ìtajà níbí tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Èèyàn kì í rí i láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù jókòó lé e lórí, páìpù gáàsì gba orí rẹ̀ kọjá, ihò èéfín ilé ìdáná yọ orí jáde láàárín rẹ̀, omi òjò kò sì lè sáré kúrò níbẹ̀. Awọ kan ni a máa ń fi bo irú òrùlé bẹ́ẹ̀ láti etí dé etí. PVC, tó jẹ́ ike, jẹ́ ọ̀kan nínú irú awọ bẹ́ẹ̀, òun ni mo sì wá sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ pè mí lẹ́yìn ìjì Beryl, tó jà ní oṣù Keje ọdún 2024. Omi ń kán sórí tábìlì kan láàárín yàrá ìjẹun wọn. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún ti gun òkè lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀gangan orí tábìlì yẹn ló lọ, ó da ọ̀dà dúdú lé e, ó gbowó, ó lọ. Nígbà tí èmi dé orí òrùlé, mo wá a títí kí n tó rí i: ìdí ẹ̀rọ amúlétutù ni, ó ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ibi tí omi ti ń kán. Wọ́n fi iná so awọ méjì pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ wọn kò so ó dénú. Ìka mi wọ abẹ́ rẹ̀. Omi gba ibẹ̀ wọlé, ó bọ́ sínú kòtò irin tó wà lábẹ́ fóòmù tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ awọ, ó ń tọ kòtò náà lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi rí ihò tó já sórí tábìlì màmá. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Orí ẹnu tó là yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Àárín awọ PVC kì í sábà jò. Ojú ìsopọ̀, igun, àti ìdí ohunkóhun tó bá yọ orí jáde ni omi ń wá kiri.

Ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi náà ni PVC. Inú iyọ̀ àti epo rọ̀bì tàbí gáàsì ni wọ́n ti ń yọ èròjà rẹ̀. Fúnra rẹ̀, ó gan, èèyàn kò lè ká a. Ní ọdún 1926, ní ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, Waldo Semon, onímọ̀ kẹ́míkà ní iléeṣẹ́ B.F. Goodrich, rí i pé bí òun bá pò ó mọ́ irú òróró kan, ó ń rọ̀ bíi rọ́bà. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń fi irú PVC rírọ̀ yìí bo òrùlé ní Yúróòpù.

Òróró yẹn ni ẹ̀mí awọ náà. Bí ó bá ń jáde lára rẹ̀, awọ á máa sún kì, á gan, á sì máa sán. Nígbà tí PVC ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí òrùlé ní Amẹ́ríkà, oríṣi kan wà tí kò ní àwọ̀n nínú. Nígbà tó darúgbó, bí òtútù bá mú gan-an, gbogbo òrùlé lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí dígí. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 1990, NRCA tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ òrùlé àti SPRI tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe awọ òrùlé jọ gbé ìkìlọ̀ jáde. Èyí tí wọ́n ń tà lónìí ní àwọ̀n okùn polyester láàárín, bí irin ṣe máa ń wà nínú kọnkéré. Ẹ rántí òtútù oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí Houston lọ sílẹ̀ dé 13 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Páìpù omi bẹ́ káàkiri ìlú, ṣùgbọ́n n kò rí awọ aláwọ̀n kan tó fọ́ nínú àwọn tí mo yẹ̀ wò.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ béèrè bóyá awọ náà bá ìlànà ASTM D4434 mu, èyí tí wọ́n ṣe fún awọ òrùlé PVC, kí ẹ sì béèrè bó ṣe nípọn tó. Nọ́ńbà tí ẹ máa gbọ́ ni 50, 60 tàbí 80 mil; 60 jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 1.5. Ẹ má dúró síbẹ̀ o. Ẹ bi wọ́n pé èló ló wà lókè àwọ̀n nínú ìnípọn yẹn, nítorí apá òkè ni oòrùn ń jẹ. Ọjọ́ tí àwọ̀n bá yọ síta, awọ ti lo ìgbà tirẹ̀ tán. Ní tèmi, n kì í gba onílé oúnjẹ nímọ̀ràn kó lọ sísàlẹ̀ 60.

Kí ló dé tí mo fi ń dárúkọ onílé oúnjẹ ṣáá? Nítorí ọ̀rá. Àkàrà, dòdò, ẹja, adìyẹ: èéfín gbogbo ohun tí a ń dín ń gba ihò lọ sókè, ọ̀rá inú rẹ̀ sì ń balẹ̀ yí ẹnu ihò náà ká. Awọ dúdú tí wọ́n ń pè ní EPDM, tó jẹ́ rọ́bà, máa ń wú bí ọ̀rá bá wà lára rẹ̀ pẹ́, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ojú ìsopọ̀ rẹ̀ á sì máa tú. TPO, awọ ike mìíràn tó funfun bíi PVC, sábà máa ń dín lówó, iná náà ni wọ́n fi ń so ó, mo sì ń fi ọkàn balẹ̀ lò ó fún ilé ìkẹ́rùsí. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rá bá wà, PVC ló ń fara dà á jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irú PVC kan tún wà tí wọ́n po èròjà KEE mọ́, kó lè túbọ̀ pẹ́ kí ó tó gan. Owó rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dín nǹkan láti àárọ̀ dé alẹ́ á jẹ èrè rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí awọ kankan tí a ṣe kí ọ̀rá máa sùn lé e lórí. Ẹ fi àpótí agbọ̀rá sí ìdí ihò èéfín, kí ẹ sì máa dà á nù kí ó tó kún.

Ohun méjì ni PVC kò gbọ́dọ̀ fara kàn: ọ̀dà dúdú, àti fóòmù funfun polystyrene. Wọ́n ń fa òróró inú rẹ̀ jáde. Ẹ ti wá rí ohun tí ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn ṣe sórí òrùlé màmá. Ibi tí kò jò rárá tẹ́lẹ̀ ti gan, ó ti sán. Nígbà tí mo máa ṣe é, ojú ìsopọ̀ tó là gba àbùlẹ̀ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjì lọ. Ibi tí ọ̀dà bà jẹ́ ni mo gé bí ẹní kan sọnù. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń bí mi, nítorí owó tí màmá san fún àtúnṣe ni wọ́n fi ba òrùlé rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá fara balẹ̀ lórí ìsopọ̀. Atẹ́gùn gbígbóná ni a fi ń so PVC. Ẹ̀rọ kan á máa rìn lọ, á fẹ́ ooru sáàárín awọ méjì tó gun ara wọn, ojú méjèèjì á yọ́, rólà á tẹ̀ wọ́n mọ́ra, wọ́n á sì di ọ̀kan. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀. Bí ó bá jóná jù, awọ á dúdú. Bí kò bá gbóná tó, ó máa lẹ̀ mọ́ra lójú, kò ní dénú. Oòrùn, atẹ́gùn, ìrì, gbogbo wọn ló ń yí i padà. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ so àjákù méjì pọ̀ láràárọ̀, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán, tí á sì fà á ya. Bí awọ bá ya títí àwọ̀n fi yọ, tí ojú ìsopọ̀ kò tú, iná ti bára mu. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tutù, ẹnì kan ní láti fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú tọ́ etí ìsopọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí irin bá wọ̀, wọ́n á tún un so. Ojú ibi tó so pọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó íǹṣì kan ààbọ̀. Ẹ̀rọ kò lè dé igun àti ìdí páìpù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ibẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá ọwọ́ náà mọṣẹ́. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fa àjákù ya lójú yín.

Ọ̀rọ̀ ìjì kò gùn. Atẹ́gùn kì í fà gbogbo òrùlé bákan náà. Igun ló ń fà jù, lẹ́yìn náà etí, àárín ló kẹ́yìn. Nítorí náà, ìṣó gbọ́dọ̀ pọ̀ ní igun àti etí ju àárín lọ. Ẹ wo irin etí òrùlé dáadáa: bí atẹ́gùn bá ká a, á rí ibi di awọ mú, á sì bó o bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Texas kì í fún oníṣẹ́ òrùlé ní láísẹ́ǹsì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní mọ́tò àti àkàbà lè pe ara rẹ̀ ní kọngílá òrùlé lọ́la. Nítorí náà, iléeṣẹ́ tó ṣe awọ náà ni kí ẹ pè, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni tó fẹ́ bá yín ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí lórí ìwé wọn, ẹ má retí wárántì gidi. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé òun á bá yín san ìpín tí ó yẹ kí ẹ̀yin san kí ìbánigbófò tó dá sí i, ẹ sá fún un. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, òfin Texas kò gbà á láyè.

Ó ku ìtọ́jú, tó rọrùn, tí a kì í sì í ṣe. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gun òkè: lẹ́ẹ̀kan ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà tí àkókò ìjì líle ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ewé bá wọ̀ tán. Bí yìnyín bá bọ́, tàbí ìjì bá jà, kó tún gùn ún. Ojú ihò omi ni kó kọ́kọ́ lọ. Mo ti bá ewé, ọ̀rá, ìgò bíà àti bàtà ọmọdé níbẹ̀. Omi tó bá ṣì dúró lórí òrùlé lẹ́yìn wákàtí 48 ti ń sọ fún yín pé ihò dí, tàbí pé òrùlé kò dá tó. Òrùlé tuntun yẹ kó fi ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì kan dá sílẹ̀ nínú ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn omi, ọ̀tá tó kàn ni ẹni tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Kò ní ibi lọ́kàn. Á tú ìdérí irin, á gbé igun rẹ̀ sílẹ̀, igun á gún awọ. Á gbàgbé ìṣó kan, ẹni tó kàn á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ tẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ sórí òrùlé láti ẹnu àkàbà dé ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá gòkè sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, omi, ọṣẹ tí kò lágbára àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Ẹ má lo pẹtiróòlù, ẹ má lo kẹrosíìnì. Ìfọ̀ yẹn ń dá funfun rẹ̀ padà, funfun ni kò sì jẹ́ kí oòrùn Houston wọlé bá yín. Ẹ rìn pẹ̀lẹ́ o. PVC tó lómi ọṣẹ lára ń yọ̀ gan-an.

Bí ó bá gba àbùlẹ̀, PVC ni kí wọ́n fi lẹ PVC. TPO kò ní so mọ́ ọn láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé funfun ni àwọn méjèèjì. Kí wọ́n fọ awọ àtijọ́ náà dénú, kí wọ́n gé igun àbùlẹ̀ roboto kí ó má baà ká, kí wọ́n sì fi iná so ó.

Pásítọ̀ kan béèrè bóyá àwọn lè tẹ́ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Mo ní ó ṣeé ṣe bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, nítorí òfin ìkọ́lé kò gbà ju méjì lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gé ihò kékeré síbi mélòó kan wo fóòmù abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti mu omi, kí wọ́n kó o dànù. Bí ti àtijọ́ bá sì jẹ́ ọ̀dà, kí wọ́n fi nǹkan là wọ́n láàárín.

Màmá onílé oúnjẹ wà níbẹ̀ náà. Ó dìde, ó ní kí n jẹ́ kí òun fi nǹkan han àwọn èèyàn. Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ìwé ni, ó so bírò mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gbowó ló ń gbé e sí, kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà òrùlé sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gba kọ́kọ́rọ́ náà láìkọ orúkọ, ọjọ́, àti ohun tó fẹ́ lọ ṣe. Orúkọ mọ́kànlá ló ti wà níbẹ̀.