Ibi Tí Bórọ̀nì Ń Jókòó sí Nínú Irin Tọ́báìnì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Tí iná bá dé sílé wa lónìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọ̀dọ̀ tọ́báìnì gáàsì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì pèsè iná, ló ti wá, torí òun ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná Nàìjíríà. Àwọn bíléèdì kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí nínú ooru tó lè mú irin lásán rọ̀. Níkẹ́ẹ̀lì la fi ṣe wọ́n, àmọ́ níkẹ́ẹ̀lì nìkan ò lè dá a ṣe.

Nínú àwọn èròjà tí wọ́n ń fi kún un, alumíníọ̀mù ló ń ṣiṣẹ́ tó pọ̀ jù. Òun àti níkẹ́ẹ̀lì á ṣù pọ̀ di kóró líle tí ojú lásán ò lè rí, tí kì í jẹ́ kí irin náà yọ̀ lórí ara rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ bórọ̀nì, èròjà kan tí wọ́n máa ń fi díẹ̀ sínú irin náà, ló wà lọ́kàn mi jù.

Irin tí wọ́n yọ́ dà, wóró wóró ló máa ń dì. Ẹ fojú inú wo oko tó fara kanra: ààlà ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí bíléèdì ṣe ń yí ni ipá ń fà á síta láìdúró. Tí ooru bá ti mú un, á máa gùn díẹ̀díẹ̀, ihò kéékèèké á yọ ní ààlà àwọn wóró náà, á sì já níkẹyìn. Ààlà yẹn gan-an ni bórọ̀nì ń lọ jókòó sí, ó ń mú kí wóró méjèèjì di ara wọn mú. Nínú ọ̀pọ̀ irin yìí, ẹgbẹ̀rún kílò kan kì í ní ju nǹkan bíi gíráàmù 100 sí 200 bórọ̀nì lọ! Wọ́n tún máa ń fi irin kan tó ń jẹ́ zirconium àti kábọ́ọ̀nù díẹ̀ tì í lẹ́yìn.

Tí bórọ̀nì bá wá pọ̀ jù ńkọ́? Ààlà yẹn á tètè yọ́ ju ibi tó kù lọ. Imí ọjọ́ náà máa ń lọ síbẹ̀, àmọ́ ṣe ló ń tú àwọn wóró náà ká. Ó tún ń jẹ́ kí èèpo tó ń dáàbò bo bíléèdì lọ́wọ́ atẹ́gùn gbígbóná máa bó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tẹ́ ẹ̀ ń wò wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwọ̀n nìkan ṣèdájọ́ èròjà. Ẹ béèrè ibi tó ń gbé.

Láti àwọn ọdún 1980, ẹ́ńjìnnì bàálù, tóun náà jẹ́ tọ́báìnì gáàsì, ti ń lo bíléèdì tó jẹ́ wóró kan ṣoṣo. Kò sí ààlà mọ́, ni wọ́n bá yọ bórọ̀nì àti kábọ́ọ̀nù kúrò, kí irin náà lè gba ooru sí i kó tó yọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi irin kan tó ń jẹ́ rhenium, bí ìdá 3 nínú 100, kún un, èyí tí kì í jẹ́ káwọn átọ́ọ̀mù tètè ṣípò. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ààlà kékeré ṣì máa ń yọjú nígbà tí wọ́n bá ń dà á. Ni wọ́n bá tún dá bórọ̀nì àti kábọ́ọ̀nù padà sínú àwọn kan, díẹ̀ bín-ín-tín.