Agbẹnusọ Tó Wá Di Òǹkọ̀wé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìwé Ìrántí Àwọn Ará Downing Street

Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2003, ilé iṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀ kan jáde. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ àwọn kan ti wá fẹnu ara rẹ̀ sọ fáwọn ọ̀gá rẹ̀ pé òun bá Andrew Gilligan sọ̀rọ̀, akọ̀ròyìn BBC tó ti ròyìn pé ìjọba bù mọ́ ọ̀rọ̀ nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa ohun ìjà Ìráàkì. Wọn ò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sórí bébà fún àwọn tó ń gbé fóònù àwọn oníròyìn, wọ́n sì ní bí oníròyìn kan bá dárúkọ tó tọ̀nà, kí wọ́n sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Làwọn oníròyìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ oríṣiríṣi, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, títí tí wọ́n fi kan èyí tí wọ́n ń wá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 9 fi máa ṣú, orúkọ Dókítà David Kelly, onímọ̀ nípa ohun ìjà, ti dé ọwọ́ wọn. Ní ọjọ́ 15, ó jókòó síwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin, kámẹ́rà ń wò ó. Ní ọjọ́ 18, wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú igbó tí kò jìnnà sílé rẹ̀ ní Oxfordshire.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú bí orúkọ yẹn ṣe jáde. Kò sẹ́ni tó dúró síta tó dárúkọ ọkùnrin náà. Síbẹ̀, láàárín ọjọ́ kan, orúkọ ti tú. Iṣẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ìjọba lórí ètò ìròyìn nìyẹn: kí ọ̀rọ̀ dé ibi tí wọ́n fẹ́ kó dé, kó má sì sẹ́ni tí wọ́n lè nawọ́ sí pé òun ló gbé e débẹ̀. Ohun tó jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe ṣe é kì í sì í ṣe ìwé ìrántí ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Hutton darí ló kó àwọn ìwé ọ́fíìsì síta, lẹ́tà, í-meèlì, àkọsílẹ̀ ìpàdé, títí kan bébà ìbéèrè àti ìdáhùn yẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí Joe Haines, agbẹnusọ Harold Wilson tó ṣe Olóòtú ìjọba rí, ti gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1977, ó ti di àṣà pé bí agbẹnusọ Olóòtú ìjọba bá kúrò ní Downing Street, ibi tí ọ́fíìsì Olóòtú wà, ìwé ló kàn. Àwọn ìwé náà dùn-ún kà. Ìwé ìròyìn máa ń ra apá kan nínú wọn ní owó ńlá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síwájú, aráàlú á sì máa sọ pé àṣírí ti tú wàyí. Èmi náà ń kà wọ́n, mo sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó lè wọ aráyé létí, kò ní gbàgbé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ tó bá jókòó láti kọ ìtàn ara rẹ̀. Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká máa gbé ìwé agbẹnusọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó láti tún ṣe.

Irú èèyàn kan náà kọ́ ni gbogbo wọn. Bernard Ingham, agbẹnusọ Margaret Thatcher láti 1979 títí di 1990, òṣìṣẹ́ ọba ni. Ó ti ṣe akọ̀ròyìn ní Guardian tẹ́lẹ̀, ó tiẹ̀ ti du ipò káńsílọ̀ rí ní Leeds lábẹ́ ẹgbẹ́ Labour. Bó bá bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ nínú yàrá, orúkọ rẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Wọ́n á kàn kọ ọ́ bíi pé ọ̀dọ̀ àwọn tó sún mọ́ ìjọba ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ní 1986, ó fi ọ̀rọ̀ kan júwe mínísítà kan tó ń jẹ́ John Biffen, tó túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ kan ọkùnrin náà nínú ìjọba, ẹsẹ̀ kan níta. Biffen kà á nínú ìwé ìròyìn bí gbogbo aráàlú ṣe kà á. Lẹ́yìn ìdìbò 1987, Thatcher yọ ọ́. Ohun tí Biffen sọ nípa Ingham lẹ́yìn náà ò kúrò lọ́kàn mi: ó ní Ingham kọ́ ni ìdọ̀tí, gọ́tà tí ìdọ̀tí ń gbà kọjá ni. Ó fẹ́ ká wo ẹni tó ń da omi sínú gọ́tà. Nígbà tí Ingham sì kọ ìwé tirẹ̀ ní 1991, orí ohun kan náà ló gbé àwíjàre rẹ̀ lé: òjíṣẹ́ ni òun, ẹ má pa òjíṣẹ́.

Alastair Campbell, agbẹnusọ Tony Blair, ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn ẹgbẹ́ Labour ni, Blair ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Nígbà tí wọ́n wọlé ní oṣù Karùn-ún 1997, àṣẹ ọba kan jáde tó fún òun àti Jonathan Powell, olórí òṣìṣẹ́ Blair, lágbára láti máa pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ohun tí olùdámọ̀ràn olóṣèlú ò ní ẹ̀tọ́ sí. Gordon Brown, tó gba ipò lọ́wọ́ Blair, fagi lé e ní kété tó dórí oyè ní 2007. Lábẹ́ Campbell, wọ́n ní tábìlì kan tí wọ́n ń pè ní grid: ohun tí ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan fẹ́ kéde wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n á kéde rẹ̀, kí ìròyìn kan má baà pa èkejì. Ó dà bí ètò iṣẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń fi ojú tábìlì yẹn wo ayé, kò ní pẹ́ tí á fi máa wo ọjọ́ ìbànújẹ́ gẹ́gẹ́ bí àyè tó ṣí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, ní aago mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú márùn-ún ní London, tí iná ń jó lára ilé gogoro méjèèjì ní New York, tí ìkankan nínú wọn ò tíì wó, Jo Moore tó jẹ́ olùdámọ̀ràn mínísítà Stephen Byers kọ í-meèlì sáwọn ọ̀gá ọ́fíìsì rẹ̀ pé ọjọ́ náà dára gan-an láti gbé ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ sin jáde. Ó fi owó tí wọ́n ń san fún àwọn káńsílọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Kejì 2002. Í-meèlì yẹn kọ́ mi ní ohun tí odindi ìwé ìrántí kì í kọ́ni, nítorí ẹni tó kọ ọ́ ò rò pé àwa la máa kà á.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Campbell. Láti 1994 ló ti ń kọ ọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, ó sì ju mílíọ̀nù méjì ọ̀rọ̀ lọ. Ìgbà mẹ́ta ló ti jáde sí aráyé ní ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni níwájú Hutton, ní oṣù Kẹsàn-án 2003, níbi tí wọ́n ti ka díẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó kọ sí ọjọ́ 4 oṣù Keje wà níbẹ̀: òun àti mínísítà ètò ààbò, Geoff Hoon, jọ gbà pé bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tó wá sọ tẹnu rẹ̀ yẹn ló fún Gilligan lọ́rọ̀, ó parí fún Gilligan. Ọ̀rọ̀ èébú tí kò ṣeé tún sọ níwájú àgbà ló fi kọ ọ́. Ìkejì ni ìwé tó tẹ̀ jáde ní oṣù Keje 2007, tí ọ̀sẹ̀ méjì ò tíì pé tí Blair kúrò nípò. Campbell fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti yọ púpọ̀ nínú ìjà Blair àti Brown kúrò, kí àwọn Conservative, ẹgbẹ́ alátakò, má baà rí ohun ìjà. Nígbà tí Labour wá pàdánù ìjọba ní oṣù Karùn-ún 2010, àwọn ìdìpọ̀ tó kún rẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ìjà náà sì wà nínú wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò yí padà. Ohun tó kọ lálẹ́ ọjọ́ náà ò yí padà. Ìdìbò ló yí padà. Ẹni tó ra ìwé 2007 tó rò pé òun ti ka ọ̀rọ̀ Blair àti Brown tán, ohun tí agbẹnusọ fẹ́ kó kà lọ́dún yẹn ló kà.

Èmi ò fi èyí pe Campbell ní òpùrọ́. Ó kéré tán, ó sọ ohun tó ṣe. Hutton náà dá ìjọba láre nínú ìjábọ̀ tó jáde ní oṣù Kìíní 2004, ó ní ẹ̀sùn tí Gilligan fi kan ìjọba lórí ìwé ohun ìjà Ìráàkì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, alága BBC àti ọ̀gá àgbà ibẹ̀ sì fipò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ ìwádìí mìíràn, ti Butler, ní kò yẹ kí ọ̀rọ̀ pé Ìráàkì lè lo ohun ìjà rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 45 wà nínú ìwé náà láìsọ irú ohun ìjà tó ń tọ́ka sí. Nígbà tó di 2016, Chilcot, tó darí ìwádìí lórí ogun Ìráàkì, ní ìjọba fi ìdánilójú tí ẹ̀rí kò tì lẹ́yìn gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ọdún 12 ló wà láàárín Hutton àti Chilcot.

Àwọn kan á ní ṣé òfin ò sí ni? Ó wà, kò sì lágbára. Richard Crossman, mínísítà Wilson, kú ní 1974, ó fi àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn mínísítà sílẹ̀. Ìjọba gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ kí ìwé náà má baà jáde. Ní 1975, Adájọ́ àgbà Widgery ní ilé ẹjọ́ lágbára láti dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú èyí ti tó ọdún mẹ́wàá, kò lè ba ohunkóhun jẹ́ mọ́. Ìgbìmọ̀ Radcliffe wá ní 1976 pé kí wọ́n máa dúró ọdún 15 lórí àwọn ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n sì máa kó ìwé wá fún akọ̀wé àgbà ìjọba yẹ̀ wò kó tó jáde. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé e. Craig Oliver, olùdarí ètò ìròyìn David Cameron, gbé ìwé rẹ̀ lórí ìbò Brexit, èyí tí wọ́n fi pinnu láti kúrò nínú àjọ EU, jáde ní bí oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìbò náà. Damian McBride, èèyàn Brown, fipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2009 nígbà tí í-meèlì rẹ̀ tú, níbi tó ti ń gbèrò láti ba àwọn Conservative lórúkọ jẹ́. Ní 2013 ó kọ̀wé, ó jẹ́wọ́ pé òun ti ba àwọn mínísítà ẹgbẹ́ òun náà jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníròyìn. Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ wúlò. Ṣùgbọ́n ó dé lẹ́yìn tí ohun tí wọ́n bà jẹ́ ti bà jẹ́.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti àkókò Kòrónà, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ọmọ Yorùbá pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nílé ìwòsàn NHS, tí ìdílé wọn sì ń gbé ìgbé ayé wọn lórí ohun tí mínísítà ìlera, Matt Hancock, bá sọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù Kejìlá 2022, ó gbé ìwé kan jáde bí àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló kọ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni òun àti akọ̀ròyìn Isabel Oakeshott to ó jọ láti inú àwọn ìwé iṣẹ́ àti àtẹ̀jíṣẹ́, tí wọ́n wá fi ọjọ́ sí i. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ tó wà lókè ojú ìwé ń mú ká gba ohun tó wà nísàlẹ̀ gbọ́? Lójú Hancock, ẹni tó ní kó fẹ́ òun lójú ló fi ata sẹ́nu: Oakeshott kó àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tó lé ní 100,000 fún Daily Telegraph ní 2023. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti oṣù Kejìlá 2020. Hancock àti olùdámọ̀ràn rẹ̀ lórí ètò ìròyìn ń sọ̀rọ̀ nípa irú kòkòrò tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, Hancock sì kọ ọ́ pé àwọn á fi dẹ́rù ba gbogbo èèyàn. Bóyá ẹ̀rù ló yẹ kí wọ́n dá bà wá nígbà yẹn, àwọn onímọ̀ ìlera lè jiyàn lé e. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ nílé ní Peckham, ní London, ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ìpinnu ni ẹ̀rù yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ọ̀dọ́bìnrin kan dìde, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò ní dáa kí wọ́n kúkú fòfin de irú ìwé báyìí pátápátá?” Mo ní rárá, mo sì sọ̀rọ̀ Lance Price fún un. Igbákejì Campbell ni, ó kọ ìwé ní 2005. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ nípa oṣù Kejìlá 1998, nígbà tí Blair rán àwọn ọmọ ogun lọ ju bọ́ǹbù sí Ìráàkì, ó kọ ọ́ pé ó dà bí ẹni pé Blair ń gbádùn rẹ̀, pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rán wọn lọ sójú ogun nìyẹn. Ọ́fíìsì ìjọba tó yẹ ìwé náà wò kò fẹ́ gbólóhùn yẹn. Nínú ìwé tó jáde, ó ti di pé ọkàn Blair pín sí méjì. Àmọ́ Mail on Sunday ti rí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ká ní wọ́n ti fòfin dè é ni, méjèèjì la ò bá má rí.