Ẹni tí wọ́n ti yẹgi fún ò lè pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará wa sọ lórí ìdájọ́ ikú ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta, lọ́sàn-án Sátidé rèé, mo tẹ̀ ẹ́ síbí torí àwọn tí ò ráyè wá.

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó gba máíìkì báyìí, ìyá kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú fà mí lápá, àwọn adigunjalè ló pa ọkọ wọn. Wọ́n ṣí pọ́ọ̀sì, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bàbá náà jáde, mọ́tò ọ̀hún ti lọ tipẹ́ àmọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn ń dán gbinrin, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ pa á. Wọ́n ní, "Lọ́yà, ṣé kẹ́ni tó pa á wá máa jẹ oúnjẹ gọ́mẹ́ntì lọ ni?"

Ìyá mi, ẹ̀mí ò láàrọ̀, mi ò ní sọ pé ẹ má bínú. Òfin gan-an wà lẹ́yìn yín, abala 33 nínú ìwé òfin 1999 yọ ẹni tí kọ́ọ̀tù bá dájọ́ ikú fún sílẹ̀ nínú ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti sọ ọ́ ní 1998, lábẹ́ ìwé òfin 1979 tó ṣáájú ẹ̀, nínú ẹjọ́ Onuoha Kalu, pé ìdájọ́ ikú bófin mu.

Àṣìṣe ló ń bà mí lẹ́rù. Ní 1981, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pa Nasiru Bello nígbà tí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, wọn ò tíì gbọ́ ọ rárá! 1986 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù tó ní ìjọba jẹ̀bi, kí wọ́n sanwó fáwọn ẹbí. Wọ́n jàre o, àmọ́ ẹni tó lẹjọ́ ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún márùn-ún.

Ẹ tún wo ti ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú Benin, lóṣù kẹfà 2013. Wọ́n yẹgi fún ọkùnrin mẹ́rin, wọ́n mú ìkarùn-ún dé ìdí okùn náà, ó fojú ara ẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń pa àwọn yòókù, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nínú ìwé pé ìbọn ni kọ́ọ̀tù ní kí wọ́n fi pa á, kì í ṣe okùn, ni wọ́n bá dá a padà sẹ́ẹ̀lì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gómìnà Kàdúná, níbi tí wọ́n ti dá ẹjọ́ ẹ̀, ní kó máa lọ sílé. Bébà ni wọn ò kà dáadáa, ẹ̀mí èèyàn ló wà ńbẹ̀!

Àwọn tó ní ìbẹ̀rù á jẹ́ kólè jáwọ́, wọ́n yìnbọn pa Oyenusi, ògbólógbòó adigunjalè, ní Bar Beach l'Ékòó ní 1971 níṣojú ogunlọ́gọ̀ èèyàn, ẹ bi àwọn bàbá yín bóyá olè tán lẹ́yìn ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa, abala 212 fún gómìnà lágbára láti sọ ìdájọ́ ikú di ẹ̀wọ̀n, Òkè-Mọ́sàn níbí, ní ọ́fíìsì gómìnà, la ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Ẹ̀yin náà, ìyá mi, ẹ bá wa débẹ̀, kẹ́ ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yẹn dání. Ẹ̀wọ̀n gbére ni mo fẹ́ fún ẹni tó pa ọkọ yín, kó má jáde. Ṣùgbọ́n tó bá wá lọ jẹ́ pé ẹlòmíì ni wọ́n mú, ká ṣì lè lọ ṣílẹ̀kùn fún un.