Iṣẹ́ Ọwọ́ Ni Kó Ṣáájú Lẹ́tà

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí wíwá iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí mo ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Mo tún un kọ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ooru. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo, nítorí náà ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú díẹ̀.

Ìlú aró la wà. Kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò gbọ́ ìtàn náà rí: igi tí àwọn ọdẹ gé wó sínú odò, ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Mi ò ní tún un pa. Àwọn aláró fúnra wọn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ìyá tó bá pa aṣọ láró kì í ti ojúlé bọ́ sí ojúlé kó máa sọ pé, "Aláápọn ni mí, olóòótọ́ ni mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra aṣọ lọ́wọ́ mi." Ṣe ló máa sá a síta. Ẹni tó ń kọjá á rí bí aró ṣe mu, á fọwọ́ kàn án, á dúró béèrè iye. Aṣọ ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Òdìkejì èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe tí a bá ń wá iṣẹ́ freelance, ìyẹn iṣẹ́ tí à ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. A ṣí àkáǹtì lónìí lórí ojú òpó tí wọ́n ti ń wá òṣìṣẹ́, kó tó di ọ̀túnla a ti kọ lẹ́tà 30 tí a fi ń tọrọ iṣẹ́. Lẹ́tà kan náà ni, orúkọ iṣẹ́ nìkan la ń pààrọ̀. "Èmi, èmi, èmi" ló kún inú ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ síta ka ìlà àkọ́kọ́, ó ti kọjá sí ti ẹlòmíràn. Ẹ má bínú sí i, irú ẹ̀ pọ̀ níwájú rẹ̀.

Lórí Upwork, ojú òpó tí àwọn oníbàárà ti ń kéde iṣẹ́, lẹ́tà yẹn kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Connects ni wọ́n ń pe ohun tí à ń rà bíi tíkẹ́ẹ̀tì ká tó lè fi lẹ́tà ránṣẹ́: sẹ́ǹtì 15 ni ẹyọ kan, iṣẹ́ kan sì lè gba mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi mẹ́wàá mẹ́wàá kọ lẹ́tà 30 ti ná dọ́là 45. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà, kí ẹ wo iye dátà tó máa rà.

Ti Fiverr, ojú òpó iṣẹ́ mìíràn, yàtọ̀. Láti 2010 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, bí ìsọ̀ ló rí: ẹ ó pàtẹ ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ó kọ iye rẹ̀ sí i, oníbàárà ló máa wá bá yín. Nínú dọ́là 100 tó bá san fún iṣẹ́ yín, 80 ló kàn yín. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí kò sọ́jà nínú ẹ̀, ta ló fẹ́ dúró níbẹ̀?

Ẹ máa ní, "Kò tíì sẹ́ni tó gbéṣẹ́ fún mi rí, níbo ni mo ti fẹ́ rí iṣẹ́ tí mo máa fi hàn?" Ibí gan-an ni mo ń bọ̀ látàárọ̀. Àpẹẹrẹ iṣẹ́ ò dúró de oníbàárà. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àmì ilé iṣẹ́, ẹ lọ sí Ọjà Ọba lọ́la. Ẹ wá olóúnjẹ kan tí pátákó rẹ̀ ti ṣí, tí lẹ́tà ibẹ̀ ò ṣeé kà mọ́. Ẹ tún un yà, ẹ ya fọ́tò ti àtijọ́ àti ti tuntun, ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Excel, ọ̀gá mẹkáníìkì àdúgbò yín ń kọ gbèsè sínú ìwé tí ọ́ìlì ti rin. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ kó o sínú Excel fún un, kí ó lè rí i lójú kan náà ẹni tó jẹ ẹ́ lówó àti ìgbà tó ti jẹ ẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi han oníbàárà, ẹ kọ́kọ́ pa orúkọ àwọn onígbèsè náà rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa fi ohùn ṣiṣẹ́, ẹ ka ojú ìwé kan ní Yorùbá sórí fóònù. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni mo ti ka tèmi àkọ́kọ́, nítorí aṣọ máa ń gbé ohùn mì, kì í jẹ́ kó dún bíi ti inú balùwẹ̀.

Mẹ́ta tó. Ẹ má ṣe ogún. Mẹ́ta tí ẹ lè nàka sí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń kọ́ yín pé bí lẹ́tà bá ti pọ̀, iṣẹ́ á já mọ́ ọ̀kan. Mo lòdì sí wọn, mo sì ń sọ ọ́ ní gbangba. Àwọn míì nínú wọn tiẹ̀ ń ta lẹ́tà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, ẹyọ kan náà fún igba èèyàn. Tí igba èèyàn bá wọ aṣọ ẹbí kan náà wọ òde, báwo ni olóde ṣe fẹ́ mọ ẹni tó fúnra rẹ̀ pè? Owó tí àwọn ọmọ yìí fi ń ra lẹ́tà náà, owó tí ìyá wọn fi òógùn ojú kó jọ ni. Ó ń dùn mí.

Mo ti fẹ́ bọ́ sórí bí a ṣe ń dá owó iṣẹ́ lé nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nawọ́.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú, mà, mo ti kọ lẹ́tà 61. Ẹnì kan ṣoṣo ló fèsì, òun náà ní òun ti rí ẹlòmíràn. Ṣé kì í ṣe torí pé Nàìjíríà la wà ni, mà?"

Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Mi ò parọ́ fún un. Àwọn kan wà tí wọ́n bá ti rí Nàìjíríà, wọ́n ti kọjá nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ní, "Àbúrò mi, kà fún wa, èyí tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ báyìí." Ó ní òun ti kọ ìkejìlélọ́gọ́ta sílẹ̀. Ó kà á: ó kí ọ̀gá, ó ní aláápọn lòun, òun lè ṣiṣẹ́ láìsí alámòójútó, òun á dúpẹ́ tí wọ́n bá fún òun láǹfààní.

Mo ní kó ka ìkéde iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Obìnrin kan ní Texas ló ń ta ọṣẹ dúdú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ kí ẹnì kan tún àpèjúwe ọjà márùn-ún kọ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ní kí ẹni tó bá ka ìkéde náà tán fi ọ̀rọ̀ náà "ọ̀pẹ̀ òyìnbó" bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀. Lẹ́tà ọmọ náà ò ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó nínú. Kò kà á débẹ̀.

Mo bi í bóyá ó tiẹ̀ mọ nǹkan kan nípa ọṣẹ dúdú.

"Ìyá mi ń ṣe é, mà. Èmi ni mo máa ń bá wọn sun èèpo kókó."

Ẹ ò gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe kígbe! Ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń sá èèpo kókó, tí wọ́n ń sun ún di eérú, tí wọ́n ń ro omi rẹ̀, tí wọ́n ń se é pọ̀ mọ́ àdín títí tó fi máa dì, ló kọ̀wé sí ọlọ́ṣẹ pé aláápọn lòun. Nàìjíríà tó rò pé ó ń bá òun jẹ́ yẹn gan-an ni ọjà rẹ̀.

Ibẹ̀ la ti pa ìwé tí mo mú wá dé. A kọ lẹ́tà náà papọ̀, ìlà mẹ́rin péré: ọ̀pẹ̀ òyìnbó; àpèjúwe yín àkọ́kọ́ ní èédú ló mú ọṣẹ náà dúdú, bẹ́ẹ̀ sì rèé eérú ni; ẹ wo bí mo ṣe tún ìpínrọ̀ yẹn kọ, ó wà nísàlẹ̀ yìí; ìdílé wa ló ń se ọṣẹ náà, mo lè bi ìyá mi léèrè ohun tí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Ọ̀rọ̀ aláápọn ò wọ̀ ọ́ mọ́.

Àsìkò ti lọ, ìyókù ni mo sáré sọ. Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n dá iye rẹ̀ lé lórí Upwork, ẹ má fọwọ́ kàn án kí oníbàárà tó kó owó sílẹ̀ lórí ojú òpó náà. Tí ẹ bá fi iṣẹ́ jíṣẹ́ tí kò sì sọ nǹkan kan, owó náà á bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 14. Ẹnì kan ní kí n jẹ́ ká bọ́ sórí WhatsApp kí a lè yọ ti alágbàtà kúrò. Mo gbà. Mo túmọ̀ ojú ìwé 40 fún un, ó gba iṣẹ́, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tí mo lè fẹjọ́ sùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kìlọ̀.

Ẹ má yá àkáǹtì ará òkèèrè lò. Àwọn tó ni ojú òpó lè béèrè káàdì ìdánimọ̀ nígbàkígbà, tí ojú tó wà lórí rẹ̀ ò bá sì jẹ́ tiyín, owó tó wà nínú rẹ̀ ń lọ nìyẹn. Ní ti aago, nígbà tó bá lu márùn-ún ìrọ̀lẹ́ níbí, aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ní California. Ẹ jí ojú sílẹ̀ nígbà náà, kí ẹ lè tètè fèsì.

Ẹni tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ọmọ náà ṣì jókòó, ó ń kọ ìpínrọ̀ ọṣẹ rẹ̀. Ó gbé fóònù, ó pe ìyá rẹ̀, ó béèrè bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí omi eérú tó ro tán. Ìyá náà bi í pé ta ló fẹ́ mọ̀.

"Àwọn ará Texas ni, Màámi."